Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Káàdì méje ni Ọ̀gá Onímú tò sórí tábìlì Màmá Nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ó rọra tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ òkú.

Ẹni tó ni káàdì àkọ́kọ́ ti kú. Aránṣọ ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ṣe afẹ́ lórílẹ̀-èdè ẹlòmíì, wọ́n fẹ́ lọ wo omi ńlá kan tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni físà wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ibà pọ́njú pa obìnrin náà. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ì bá dí ibà yẹn lọ́nà, káàdì rẹ̀ sì sọ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Òǹtẹ̀ tó jẹ́rìí sí i lára káàdì, òǹtẹ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ilẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń gún àwọn arìnrìn-àjò lábẹ́rẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo yìí. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì méjì, fìríìjì funfun tó máa ń kùn bí oyin, kàlẹ́ńdà lára ògiri. Etí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti bu díẹ̀ lápá òsì. Ó wo káàdì méjèèje. Òǹtẹ̀ gbogbo wọn ló bu lápá òsì.

Imú ọlọ́pàá yìí tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń pè é ní Onímú. Ohunkóhun tó bá ti kó o nírìíra, imú ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ayé. Yóò ká sókè, bí imú ẹni tó gbóòórùn òkú eku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ yìí, imú ọ̀hún ti ká sókè kí ọ̀gá tó fìdí kan àga.

Sájẹ́ńtì rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí aránṣọ kú, àwọn elétò ìlera ní pápákọ̀ òfuurufú gba yẹ́lò káàdì gbogbo ẹni tó ń ti orílẹ̀-èdè náà bọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé ìwé ńlá tí Màmá Nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ sí. Orúkọ àwọn méje yìí ò sí níbẹ̀. Wọ́n wá bi àwọn mẹ́fà tó kù láàyè léèrè, gbogbo wọn sì fẹnu kò pé yàrá yìí làwọn ti gba abẹ́rẹ́, lọ́wọ́ ìyá yìí. Ọkọ aránṣọ gan-an wà lára wọn. Sájẹ́ńtì ní àwọn tó wà lókè fẹ́ kí ìyá yìí ti wà nínú àtìmọ́lé kí agogo mẹ́rin tó lù.

 

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gún wọn?" Ọ̀gá Onímú bi í.

"Èmi kọ́, ọ̀gá. Mi ò rí wọn rí."

"Òǹtẹ̀ ta nìyí?"

 Ó ní ó jọ tòun.

"Ó jọ tiyín," ni ọ̀gá tún sọ, bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkan wò. Kò bi í mọ́. Ó dìde, ó já kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri, ó sì ń fi déètì ara káàdì wá ọjọ́ lórí rẹ̀. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Ìgbà tó dé orí ìkẹrin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ó bi ìyá bóyá wọ́n máa ń gúnni lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Màmá Nọ́ọ̀sì ní rárá, láéláé. Tí ọjọ́ Ẹtì bá ti lọ, òun máa ń ti fìríìjì ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lọ́rùn òun títí di ọjọ́ Ajé.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gún gbogbo àwọn méjèèje. Ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Àìkú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ló máa ń wà níbí lọ́jọ́ Àìkú?"

Kí Màmá Nọ́ọ̀sì tó dáhùn, ojú rẹ̀ ti sá lọ sí fèrèsé, Sájẹ́ńtì sì ti tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì wà níta, ó jókòó sórí àga onírin, ó ń ha èékánná. Àbúrò ọkọ Màmá Nọ́ọ̀sì ni. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti ń pè é ní Adúmáadán, torí ìyàwó kì í fẹnu pe orúkọ ọmọ ilé.

Ohun tí ìyá yìí ò lè sọ nìyí: ó ti pẹ́ tó ti ń fura sí Adúmáadán. Káàdì ti ń dín nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dákẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa wí nínú ẹbí pé ìyàwó ló fa ọmọ ilé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?

Sájẹ́ńtì wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà wọlé. Ó ní kó sọ òótọ́: ṣé kì í ṣe òun ló ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, tó ń gún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́kábẹ́rẹ́? Òógùn bo ojú Adúmáadán. Ó wo Màmá Nọ́ọ̀sì, ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì wólẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí. Mi ò kí ń sí níbí lọ́jọ́ Àìkú."

Ọ̀rọ̀ náà tú síta. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ti géètì pa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó ń lọ ṣọ́ ilé obìnrin kan ní òpópónà kejì. Sájẹ́ńtì bi í pé ta wá ló ń ṣọ́ ibí. Ó ní Ọlọ́run ni, Ọlọ́run kì í sì í sùn. Wọ́n fóònù obìnrin náà, ó ní lóòótọ́ ni, pé ó máa ń wá, àti pé kò sí ìgbà tóun bọ́ síta tóun ò bá a lójú oorun.

Sájẹ́ńtì ní irọ́ ni, wọ́n ti jọ sọ ọ́ ṣáájú ni. Ọ̀gá Onímú mi orí.

"Jẹ́ kó dìde. Ẹni tó bá ń jalè lọ́jọ́ Àìkú, ṣé yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ Àìkú lòun jà á? Yóò kọ Ìṣẹ́gun, yóò kọ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó kọ déètì yìí ò wo kàlẹ́ńdà rárá. Ó kàn ń ka ọjọ́ ni. Láti ibo ló ti ń kà á?"

Ó ní kí Sájẹ́ńtì kó pásípọ́ọ̀tù àwọn méjèèje wá látinú ọkọ̀. Ó ṣí wọn sí ojú ìwé tí físà wà. Létí físà kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńbásì ti kọ ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ọjọ́rú ni gbogbo wọn. Màmá Nọ́ọ̀sì mọ èyí. Ẹ́ńbásì ọ̀hún kì í gba ìwé lọ́jọ́ míì, àfi Ọjọ́rú. Ó sì mọ òfin wọn kejì: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í ṣiṣẹ́ lára kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí náà wọn kì í gba káàdì tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀gá Onímú na ìka. Ó fi Ọjọ́rú fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà padà sẹ́yìn: "Ìṣẹ́gun, oókan. Ajé, eéjì. Àìkú, ẹẹ́ta. Àbámẹ́ta, ẹẹ́rin. Ẹtì, aárùn-ún. Ọjọ́bọ̀, ẹẹ́fà. Ọjọ́rú, eéje. Ìṣẹ́gun, ẹẹ́jọ. Ajé, ẹẹ́sàn-án." Ìka tó kẹ́yìn ló fi kan tábìlì. "Àìkú, ẹẹ́wàá."

 

"Ẹni tó ń wá físà fún èèyàn ló kọ ọ́," ni ọ̀gá wí. "Ó mọ ọjọ́ ẹ́ńbásì dunjú, kò mọ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́."

Sájẹ́ńtì bi í pé kí ló wá dé táwọn tó ni káàdì fi ń purọ́ mọ́ ìyá arúgbó. Ọ̀gá ní kó lọ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ẹ́ńbásì: ẹni tí wọ́n bá bá ìwé èké lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní rí físà wọn gbà mọ́. Ọkọ aránṣọ sì gbọ́dọ̀ rí físà òmíràn gbà, torí òkú ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, òun ni yóò lọ gbé e. "Ó purọ́ kó lè sin aya rẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì tutọ́ sínú aṣọ ìnujú. "Ẹni tó fi í sípò yẹn ló ń rí mi lára. Màmá, èwo nínú àwọn tó ń wọlé síbí ló máa ń ronú Ọjọ́rú?"

Màmá Nọ́ọ̀sì ò ronú jìnnà. Ọkùnrin kan ni, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá Físà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń kó oníbàárà wá fún abẹ́rẹ́, àwọn tòótọ́, tí orúkọ wọn wọnú ìwé. Ọlọ́yàyà èèyàn. Á bá ìyá gbé bẹ́ǹṣì, á ra omi tútù fún un, á ní ìyá ti ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ jẹ́ n bá yín to àwọn káàdì wọ̀nyí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ku ẹyọ kan tí kò sọ. Ọ̀gá ò sì bi í. Ó ní ó ṣeé ṣe kí oníjìbìtì yẹn ti gbẹ́ òǹtẹ̀ tiẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òkè ilé ìtajà mátíréèsì ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Físà wà. Ọ̀gá Onímú wọ agbádá lásán, ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ najú. Màmá Nọ́ọ̀sì àti Sájẹ́ńtì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò láti àlàfo ilẹ̀kùn. Àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kún ara ògiri. Òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí lọ́fínńdà ò lè bò.

Ọ̀gá Físà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní kí bàbá jókòó, bàbá ti débi tí wọ́n ti ń fò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n máa ń béèrè, ó ń kà á bí ẹni ń ki ìran ara rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù tí yóò ṣì wúlò fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí bàbá bá ti padà dé, tó sì ní ojú ìwé méjì tó ṣófo. Fọ́tò méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kí etí méjèèjì yọ, kí bàbá má sì rẹ́rìn-ín, torí wọn kì í gba eyín ní ẹ́ńbásì. Ìwé báńkì oṣù mẹ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ pé bàbá yóò padà wá dandan. Yẹ́lò káàdì ló kẹ́yìn.

Bàbá ní gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ku yẹ́lò káàdì. Òun ò tíì gba abẹ́rẹ́, òun sì fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ lọ́túnla tí í ṣe Ọjọ́rú. Ó ní ó jọ pé ọjọ́ mẹ́wàá òfin ti dí òun lọ́nà.

Ọ̀gá Físà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́wàá tí ìwé bá ń wá, inú ìwé náà la ó ti wá a fún un."

Ó fa káàdì kan yọ lábẹ́ tábìlì, èyí tí òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó rí apá òsì tó bu. Ọkùnrin náà ń fi ìka ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì kọ déètì.

"Ọjọ́ wo nìyẹn bọ́ sí?" ni bàbá bi í.

Ọ̀gá Físà ní ọjọ́ ò ṣe pàtàkì, oǹkà ló ṣe pàtàkì. Ó dìde, ó ní kí bàbá wá sẹ́yìn, kóun gún un díẹ̀ lápá, kí ojú ibẹ̀ lè wà bí ẹnikẹ́ni bá bi í. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan.

Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Onímú ló kọ́kọ́ jáde, aṣọ ìnujú wà nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó pe orúkọ Sájẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ, láì gbé ohùn sókè, "Màmá, ẹ wá wo ilé iṣẹ́ yín kejì."

Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Korobá omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, omi inú rẹ̀ ti yọ èéhù. Nínú ife tí wọ́n fi ń fọ eyín, abẹ́rẹ́ kan wà, ẹyọ kan, ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ẹ̀kún ọwọ́ òwú tó ti rin, tó ti pọ́n, tó ti gbẹ, tí wọ́n tún ti lò.  Ìyá náà ti rí ọyún rí, ó ti rí egbò tó yọ ìdin. Èyí yàtọ̀. Ẹyọ abẹ́rẹ́ yìí ló ti wọ gbogbo apá wọ̀nyẹn.

Ọwọ́ Ọ̀gá Físà ti wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Kò tijú. Ó ní omi lásán ni, omi kì í pa èèyàn. Ó ní ẹ̀fọn ọ̀hún ló pa aránṣọ, kí wọ́n lọ mú ẹ̀fọn. Ó ní àwọn èèyàn fẹ́ rìnrìn-àjò, ẹ́ńbásì ti ilẹ̀kùn, òun ṣí i.

"Ọ̀gá, ẹ bi wọ́n ní ẹ́ńbásì. Wọn kì í wo apá èèyàn. Déètì ni wọ́n ń wò."

Ó yíjú sí Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n tú ọ́fíìsì wò, tí wọ́n bá rí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀, kí wọ́n pa òun. Ìyá yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Sájẹ́ńtì tú gbogbo ibẹ̀, kò rí òǹtẹ̀.

Ọ̀gá Onímú wo ìyá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ó ti sọ òǹtẹ̀ tó gbẹ́ nù ni, àbí, Màmá?"

Kí ó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé yá, kò sí àtìmọ́lé, kò sí nǹkan kan. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ oníjìbìtì gbọ́?  Òórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ṣì wà nímú Màmá Nọ́ọ̀sì, ó sì dà bíi pé ara òun gan-an ló ti ń jáde.

"Ọ̀gá, kò gbẹ́ òǹtẹ̀. Tèmi ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ó ń kólòlò bó ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé, èrò máa ń pọ̀ jù, wọn á kún dé géètì, wọn á máa kùn. Òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òǹtẹ̀ sára àádọ́ta káàdì tó ṣófo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó lè jẹ́ orúkọ àti déètì nìkan ló máa kù. Ọ̀gá Físà ló máa ń bá òun tò wọ́n.

"Mélòó ló sọnù?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ mọ iye rẹ̀?"

"Mo máa ń kà á, ọ̀gá. Mo rò pé ọmọ ilé ló ń mú un."

"Ẹ kà á," ni Ọ̀gá Onímú wí, "ẹ sì dákẹ́."

Imú rẹ̀ ká. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ká nígbà tó jáde nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ṣe ká sí i. Ì bá sàn fún Màmá Nọ́ọ̀sì kí ó gbá òun létí. Ọ̀gá ní wọn ò ní pè é ní ẹlẹ́gbẹ́ apànìyàn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé òǹtẹ̀, kó gbàgbé fìríìjì, ẹjọ́ tiẹ̀ yóò lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ jáde lẹ́nu. Méje wà lórí tábìlì Màmá. Ọ̀kan rèé tí ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mẹ́ta kù.

Wọ́n bi Ọ̀gá Físà. Ó pẹ́ kó tó fi àgbọ̀n júwe ìwé kékeré kan. Orúkọ mẹ́ta tó kù wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù wọn. Ọ̀gá Onímú na fóònù sí Màmá Nọ́ọ̀sì, ó ní òun ló mọ ohun tó yẹ kí ó bi wọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nílé, ọ̀la ló fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kó má lọ, kó wá gba abẹ́rẹ́ tòótọ́. Ọkùnrin náà bú u, ṣùgbọ́n ó ní òun ti gbọ́. Ìkejì àti ìkẹta, tọkọtaya ni. Wọ́n ti wà lọ́hùn-ún láti ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ ló gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún ìdùnnú. Ó ní ibẹ̀ dára, pé àwọn ti ya fọ́tò tí kò lóǹkà. Màmá Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ìyàwó rẹ̀.

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó. Oòrùn ni."

Màmá Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe oòrùn. Ó ní kó gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, kó sì sọ fún wọn pé irọ́ ni káàdì wọn, pé omi ni wọ́n gún sí wọn lápá, kí dókítà lè mọ ohun tó ń wá.

Ohùn ọkùnrin náà yí padà, ó lọ sílẹ̀. "Màmá, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ ká fẹsẹ̀ tẹ ibí mọ́ láyé."

"Ẹ sọ ọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tèmi tán ni."

 Sájẹ́ńtì ti dúró ti Màmá Nọ́ọ̀sì, ó ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ò gbé fóònù kúrò létí.  Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọkùnrin náà tó ń bi ẹnì kan, pẹ̀lú ìkánjú, pé níbo ni ọsibítù wà ládùúgbò yìí.